Ilé Àgùdà Tí Ẹ Fẹ́ Fi Gba Àlejò: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Òǹkàwé kan kọ̀wé láti Èkó pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá bàbá wa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sílẹ̀ fún ẹbí wa ní Pópó Àgùdà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Yàrá mẹ́rin ló wà lókè, ilẹ̀ pákó, fèrèsé onípákó, òdòdó lóríṣiríṣi tí wọ́n yà sára ògiri níta. Ògiri ìsàlẹ̀ ń ṣí bí èèpo, ó sì ń rùn. Bíríkìlà ní ká ha gbogbo rẹ̀ dànù, ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ká lẹ táìlì mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ní ká kúkú wó ilé náà, ká kọ́ alájà mẹ́rin síbẹ̀. Èmi fẹ́ sọ ọ́ di ilé àlejò kékeré, tí èèyàn á sùn sí, tí yóò jẹun àárọ̀ níbẹ̀. Ṣé ó lè mówó wọlé? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú ìdúró ti ilé bàbá yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú ìbéèrè yín: ọ̀rọ̀ ògiri, ọ̀rọ̀ ẹbí, àti ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń dá irú ilé yìí sílẹ̀, ibùsùn àti ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àlejò á sì dé lóòótọ́, nítorí ilé Àgùdà ń wu èèyàn wò. Àmọ́ àìsí àlejò kọ́ ló sábà máa ń pa iṣẹ́ yìí. Omi inú ògiri àti ìjà inú ẹbí ló ń pa á. Ẹ jẹ́ ká ti ògiri bẹ̀rẹ̀, nítorí bíríkìlà yín ti gbé òòlù lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ẹ dá a dúró lónìí.

Ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n ti Bùràsíìlì àti Kúbà padà wálé kò rí bí ilé búlọ́ọ̀kù òde òní. Bíríkì amọ̀ sísun tàbí amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, wọ́n mọ ọ́n nípọn, láìmù ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Láìmù tí mò ń wí kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá sun òkúta ẹfun tàbí ìkarahun ọ̀sà nínú iná ni. Èkó kò jìnnà sómi. Tí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, omi ti yọ. Omi yìí ń gun ògiri bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò gùn láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ohun tó jẹ́ kí ilé náà ṣì dúró ni pé láìmù ń mí: bí omi ṣe ń gòkè ni ó ń gba ara rẹ̀ jáde sí afẹ́fẹ́, ògiri á sì gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í mí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì dí ògiri náà, omi tó yẹ kó jáde ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ kò ní rí ọ̀nà, á máa gòkè lọ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti ki orí àwọn ìtì igi tó gbé ilẹ̀ pákó òkè bọ inú ògiri. Nígbà náà ni igi tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láìsí nǹkan kan tó ṣe é yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti orí.

Iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Omi ilẹ̀ Èkó ní iyọ̀ nínú, ó sì ń bá omi gòkè. Omi á gbẹ lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sẹ́yìn, á dì, á wú, á sì máa ti ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri tí wọ́n rẹ́ lọ́dún yìí fi ń wú bí àkàrà lẹ́yìn ọdún méjì. Táìlì àti ọ̀dà olóròóró kò yàtọ̀, ṣe ni wọ́n ń fi ojú àrùn náà pamọ́. Ohun tí mo sì fura sí ni pé ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri yín rí, tí ìyẹn gan-an sì ni ohun tó ń ṣí bí èèpo yẹn. Ẹ fi ìka kan án káàkiri. Níbi tó bá ti ń dún gbò-gbò bí ẹni lu ìlù, ó ti ya kúrò lára bíríkì nìyẹn.

Ìtọ́jú rẹ̀, ìta ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ títì àti àgbàlá ní Èkó ni wọ́n ti da kọnkéré lé lórí léraléra, débi pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ẹ wọn tiyín. Tó bá ga jù, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò lẹ́bàá ògiri ní fífẹ̀ ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yàrá, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí omi òjò sì ní ọ̀nà tó gbà dé gọ́tà. Mítà méjì-méjì ni kí ẹ máa gbẹ́, ẹ má ṣí gbogbo ẹsẹ̀ ògiri sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì gbẹ́ dé abẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kì í jìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì kékeré àti sùúrù ha sìmẹ́ǹtì inú kúrò, títí yóò fi kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ẹ fi ògiri náà sílẹ̀ ní ìhòòhò láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹta, kí ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ bá yín gbẹ ẹ́. Iyọ̀ funfun tó bá ń yọ sójú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a dànù. Tí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, ẹ ti dá iyọ̀ padà sínú ògiri.

Tó bá ti gbẹ, ẹ wá fi láìmù rẹ́ ẹ: ìwọ̀n láìmù kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́ta. Yanrìn mímú tí wọ́n ti fi omi odò ṣàn ni kó jẹ́, kì í ṣe yanrìn etí òkun. Láìmù aláàpò tí wọ́n ń tà fún títọ́jú omi ni ẹ ń wá. Ti iṣẹ́ oko kò wúlò níbí, nítorí kì í dì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó di lílò, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, nítorí ó ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú èèyàn. Ẹ wọ́n omi sí ògiri, kí ẹ rẹ́ ìpele àkọ́kọ́ kó má nípọn ju mìlímítà 10, kí ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó kí oòrùn má bàa jó o, kí ẹ fún un lọ́sẹ̀ kan ó kéré tán kí ìpele kejì tó gun orí rẹ̀. Dípò ọ̀dà, láìmù tí ẹ pò fúyẹ́ bíi mílíìkì ni kí ẹ fi kùn ún, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mi ò ní tàn yín: apá kan nísàlẹ̀ lè tún ṣí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nígbà tí iyọ̀ tó kù bá ń jáde. Iṣẹ́ tí ẹ fi rán an nìyẹn. Láìmù ló yẹ kó bàjẹ́, kí bíríkì má bàa bàjẹ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bíríkìlà tó mọ láìmù lò kò pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí tiyín kọ́kọ́ rẹ́ ìwọ̀n mítà kan péré níbi kọ́lọ́fín, kí ẹ wò ó fún oṣù kan kí ẹ tó gbé iyókù lé e lọ́wọ́.

Lókè, ẹ mú ìkọ́ tàbí screwdriver, kí ẹ fi gún orí ìtì igi kọ̀ọ̀kan níbi tó ti wọ ògiri. Ìrókò tó ṣì le kò ní gba nǹkan kan. Tó bá wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan láìjà, ó ti jẹrà níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ yọ gbogbo igi náà: kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ á gé ibi tó bàjẹ́, á fi igi irú kan náà tó ti gbẹ dáadáa gùn ún, á sì fi bóòtù dè é. Ikán ń wá ibi tí igi ti tutù, nítorí náà oògùn ikán láìgbẹ ògiri, owó ni ẹ ń sọ sómi. Ẹ má gbé táǹkì omi sórí ilé yìí láéláé. Táǹkì líítà 1,000 tó kún, tọ́ọ̀nù kan ni, ó ju èèyàn méjìlá lọ tí wọ́n ń tò lé ibì kan náà tọ̀sán-tòru. Irin tó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ nínú àgbàlá ni kó gbé e. Ìdí kan náà ni mo fi ní kí ẹ má ṣe gbé ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá sókè. Ẹ̀rọ ìwẹ̀ tó ń dà sílẹ̀ bí òjò ti tó. Balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ sẹ́yìn ilé bí ẹ̀ka tó dá dúró, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré so pọ̀ mọ́ ọn, dípò kí ẹ da kọnkéré sórí pákó. Páìpù tó ń jò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ táìlì lórí ilẹ̀ pákó kì í ké sí èèyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀, igi ti lọ. Kòtò ìgbẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ kí omi má wọlé kí ó má sì jáde, kí ẹ máa pe ọkọ̀ tó ń fà á. Kòtò tó ń jẹ́ kí omi rẹ̀ wọ ilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní Èkó tí omi ilẹ̀ ti wà lókè. Ó máa ń kún padà tí òjò bá dé.

Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ilé yín ti ronú nípa ooru: àjà gíga, fèrèsé onípákó tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tí oòrùn ò sì wọlé, ilẹ̀kùn tó kọjú síra. Tí ẹ bá dí gbogbo rẹ̀ pa kí yàrá lè tutù bíi fìríìjì, afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún ooru àti ọ̀rinrin á máa di omi lára pákó àti òdòdó ara ògiri wọ̀nyẹn, èbu á sì hù. Mo gbà pé àlejò kan á bèèrè ẹ̀rọ náà. Ẹ fi sí yàrá méjì, kí ẹ máa tò ó sí 25°C, kí ẹ sì fi fáànù àjà tó dára sí gbogbo yàrá. Páìpù omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé gọ́tà. Ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ ń kán sára ògiri láràárọ̀ lè ba ògiri tí ẹ ti fi oṣù márùn-ún gbẹ jẹ́.

Ní ti iná, ẹ yọ wáyà àtijọ́ tán pátápátá. Pákó àti wáyà tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó kò gbọdọ̀ jọ sùn. Wáyà 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 mm² fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, kálukú pẹ̀lú bréékà tirẹ̀, wáyà ilẹ̀ tó péye, àti ẹ̀rọ tó ń já iná ní milliamp 30 tí iná bá ń jò sára èèyàn. Ẹ gbé wáyà gba inú páìpù lójú ògiri, ẹ má gbẹ́ ògiri fún un. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé tó mítà 6 ó kéré tán, kí èéfín rẹ̀ má sì kọjú sílé, nítorí èéfín yẹn a máa pa èèyàn lójú oorun. Ẹ tún wo irin ojú fèrèsé. Èyí tó wà ní yàrá àlejò gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú láìwá kọ́kọ́rọ́ kiri, kí àtẹ̀gùn kejì sì wà lẹ́yìn ilé, nítorí àtẹ̀gùn onípákó kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ máa ń gbaná. Sílíńdà gáàsì, ìta ni.

Ó wá ku ẹbí, níbi tó le jù. Ilé ẹbí ni ẹ pè é, nítorí náà kì í ṣe tiyín nìkan. Òfin wa ṣe kedere lórí èyí: tí ọmọ ẹbí kan bá fi ilé ẹbí lélẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí dáwódù níbẹ̀, òfo ni, tí dáwódù nìkan bá ṣe é láìsí àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì yí i padà. Torí náà kí ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ ní kí lọ́yà kọ ìwé tí dáwódù àti aṣojú gbogbo ìdí-igi á fọwọ́ sí: ọdún mélòó, ta ló ń náwó àtúnṣe, báwo ni yóò ṣe gba owó rẹ̀ padà kí pípín tó bẹ̀rẹ̀, ta ló ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì, àti ibo ni àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ máa wà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń fojú fò. Ẹ má ṣe é bí ẹni ń lé àǹtí tàbí bùrọ̀dá kúrò nílé bàbá wọn.

Ìwé ìjọba wà nínú rẹ̀ náà. Iyàtọ̀ wà láàárín ibi tí ẹbí ń gbé àti ibi tí wọ́n ń gbàlejò, nítorí náà ẹ ó gba àṣẹ lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́, LASBCA, àjọ tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ náà, á sì bójú tó iṣẹ́ kíkọ́. Láti 2013 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a pé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ilé ìtura wà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ń gba 5% lórí owó yàrá. Ẹ fi kún iye tí àlejò ń san. Pàtàkì jù ni ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ tó yẹ agbára ilé náà wò, nítorí ilé àtijọ́ tó ń ṣí lára ni wọ́n ń yára fi ọ̀dà pupa sàmì sí fún wíwó. Ẹ béèrè pẹ̀lú lọ́dọ̀ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìrántí, bóyá ilé yín wà nínú ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ kò lè pààrọ̀ nǹkan kan láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn nìkan kì í gbé ilé ró. Ilojo Bar tó wà ní Tinúubú, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìrántí ní 1956, síbẹ̀ ó di àlàpà ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ó dun gbogbo àwa tí a fẹ́ràn Èkó títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó bí ẹni ń ṣírò rẹ̀ lórí tábìlì. Yàrá mẹ́rin fún ọgbọ̀n òru jẹ́ òru 120. Tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá rí àlejò, 40 nìyẹn, mi ò sì ní kí ẹ lérò jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ká fi ₦50,000 ṣe àpẹẹrẹ owó yàrá, ₦2,000,000 ló wọlé. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní ₦100,000, ₦400,000. Jẹnẹrétọ̀ 10 kVA á mu bíi líítà méjì ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ á jẹ́ líítà 480 lóṣù, tí líítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦480,000 nìyẹn. Oúnjẹ àárọ̀ fún ọgọ́ta èèyàn ní ₦3,000, ₦180,000. Aṣọ fífọ̀, ₦80,000. Tí ìdajì àlejò bá gba orí ìkànnì tó ń gba 15%, ₦150,000. Iná ìjọba, íntánẹ́ẹ̀tì, omi àti ọṣẹ, ₦160,000. Ìdá mẹ́wàá fún àtúnṣe ilé, ₦200,000, tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fún ohun mìíràn. Ó ku ₦350,000. Tí ìdí-igi bá jẹ́ mẹ́rin, ₦87,500 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì tíì yọ owó tí ẹ fi tún ilé ṣe. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè mówó wọlé. Ó lè bọ́ ara rẹ̀, kó má sì wó. Kò ní sọ ẹbí di olówó. Ẹ wo ibi tí owó náà gbà lọ dáadáa: jẹnẹrétọ̀ ju òṣìṣẹ́ mẹ́rin lọ. Sólà àti ínfátà tó ń gbé fáànù, gílóòbù àti fìríìjì, tí jẹnẹrétọ̀ kàn ń ran ẹ̀rọ amúlétutù lọ́wọ́ fún wákàtí mẹ́ta, lè dá ohun tó ju ìdajì owó yẹn padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú yín. Ẹ lè ṣe yàrá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń ba ẹni tó yáwó jẹ́. Ẹ lè fi ilé náà fún oníṣòwò kan fún ọdún mélòó kan; owó rẹ̀ dájú jù, ṣùgbọ́n kí ìwé náà sọ ọ́ ketekete pé kò gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ǹtì kan ògiri, kò sì gbọ́dọ̀ wó ògiri kan. Èyí tí mo fẹ́ fún yín ni yàrá méjì lókè níwájú, kí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí, kí ẹ fi ọdún kan kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní London, ẹ má pè é ní ọ̀tá ilé. Alájà mẹ́rin á mú rẹ́ńtì wá ju ilé àlejò lọ, òótọ́ ni. Ẹ fi ìṣirò yìí hàn án, kí ẹ tún sọ fún un pé ilẹ̀ Èkó tó rọ̀ ń béèrè ìpìlẹ̀ olówó ńlá, àti pé ilé tí ẹ bá wó, kò sí kápẹ́ńtà tó lè dá òdòdó ara rẹ̀ padà.

Àlejò tó bá wá síbẹ̀, Pópó Àgùdà ló wá wò. Ẹ sọ fún un kó tó sanwó pé àyè ọkọ̀ kò sí, pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpè àdúrà á jí i, pé òde àríyá lè dí títì pa. Tó bá jẹ́ àkókò Fanti Carnival, àríyá ìgboro àwọn Àgùdà, tàbí ọjọ́ Èyọ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ ṣáájú: lọ́jọ́ Èyọ̀, kò sí bàtà, kò sí irun ṣùkú, ọkọ̀ kì í sì rìn. Oúnjẹ àárọ̀ yín kò ní láti jọ ti ilé ìtura Victoria Island. Àkàrà gbígbóná àti ògì tó, kí omi tí ẹ fi pò ó jẹ́ sísè, kí ẹ̀wà má sì di lílọ̀ láti alẹ́ àná tí kò bá sí fìríìjì tó dájú. Ní Good Friday, ẹ se fréjòn, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Àwọn àgbà ilé yín á mọ bí ó ṣe ń rí.

Ohun kan wà tí lẹ́tà kò lè jẹ́ kí n rí: bóyá ògiri yín ń rìn. Tí ẹ bá rí ibi tó là, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lóṣooṣù títí òjò oṣù kẹfà àti ti oṣù kẹwàá á fi kọjá. Tí kò bá kúrò níbi àmì, ìlà àtijọ́ ni, láìmù á dí i. Tó bá kọjá mìlímítà 5, tàbí ó ń gun bí àtẹ̀gùn, tàbí ògiri ń yọ sóde, ẹ má jẹ́ kí àlejò kankan sùn lókè títí onímọ̀ ẹ̀rọ á fi wò ó. Pẹ́ńsù yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rà.